Ìdí Igi àti Orí Ò Jorí

Ní ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò wa tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá sí ilé baba wa ní Ìkòsì, ní agbègbè Kòsọ́fẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa, ó jókòó, ó mu omi. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó gbé e wá: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Owó ìpín tèmi nínú ilé yìí ni mo fẹ́ gbà. Bí ó bá rọ ẹnikẹ́ni nínú yín lọ́rùn, kí ó rà á lọ́wọ́ mi." Àǹtí mi, tí ó jẹ́ àgbà fún gbogbo wa, kò dáhùn. Ó dìde, ó lọ wo ọbẹ̀ tí ó gbé kaná.

Iṣẹ́ mi ni láti máa tú èdè Yorùbá palẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà gbólóhùn yẹn kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. A ní "jogún", a ní "pín ogún", a ní "yọwọ́". Ṣùgbọ́n n kò rántí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ó dúró gedegbe fún kí ọmọ baba kan ra ìpín ọmọ baba kejì. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Lójú àwọn baba wa, ilé baba kì í ṣe ohun tí ọmọ kan lè tọ́ka sí apá kan rẹ̀ pé tòun nìyí, kí ó sì gbé e tà. Ohun tí ọmọ ní ni yàrá tí ó ń sùn, ẹ̀tọ́ láti wọlé kí ó sì jáde, àti ohùn nígbà tí ẹbí bá ń ṣe ìpàdé. Bí ó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a gba ipò rẹ̀. Bí ó bá rìnrìn àjò fún ogún ọdún, bí ó bá dé, ilé ni ó dé.

Èkó ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yí padà. Ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà. Ìwé ilẹ̀, gbèsè onísòwò àti ilé ẹjọ́ sì tẹ̀ lé ara wọn wọ àgbàlá àwọn baba wa. Ẹjọ́ tí gbogbo agbẹjọ́rò ilẹ̀ yìí ń kọ́ nípa rẹ̀ títí di òní ni ti Lewis àti Bankole, lórí ilé Olóyè Mabinuori tí ó kú ní 1874. Ní 1908, adájọ́ àgbà onídelé, Speed, wò ó pé ohun tí ń kú lọ ni ilé ẹbí ní Èkó. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti sọ bẹ́ẹ̀, àwa sì tún jókòó ní Ìkòsì nítorí ilé ẹbí. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn adájọ́ tí ó ga jù ní 1909, Osborne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àṣà: dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin tí ó wà láàyè, ni olórí ilé; bí ó bá kú, ọmọ tí ó dàgbà tẹ̀ lé e nínú àwọn ọmọ olóògbé ni yóò rọ́pò rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Mo ní ìdí tí mo fi mọ apá ìkẹyìn yìí dájú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, tí ó jẹ́ dáwódù wa, kú, àwọn àbúrò baba wa ní èmi ni kí n wá jókòó sórí àga, nítorí pé ọkùnrin ni mí. Ìdájọ́ 1909 ni mo kà fún wọn. Láti ìgbà náà ni Àǹtí ti ń ṣe olórí ilé, òun ni ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, tí ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Baba wa ra ilẹ̀ náà ní 1971 lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, nígbà tí oko ṣì wà káàkiri ibẹ̀. Ilé oníyàrá tí ó kọjú síra ni ó kọ́, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní face-me-I-face-you. Kò sí ẹni tí ó rò pé yóò di ohun tí a ń jà lé lórí. Ṣùgbọ́n Afárá Kẹta parí ní 1990, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Òwòrònṣòkí. Ọjà Mile 12 gbòòrò títí ó fi di ibi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń já tòmátì àti iṣu láti Òkè Ọya. Ní 2008, ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS. Iye tí wọ́n ń dá lé ilẹ̀ wa kò bá ti baba wa dọ́gba mọ́ rárá. Adíyelé tí a pè ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́ta náírà ni ilé náà tó.

Òfin kò ṣàì ní ohun tí yóò sọ sí ohun tí àbúrò wa béèrè. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì pín ilé ẹbí, ọmọ ẹbí kan kò ní ohun tí ó lè tà. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ọmọ ẹbí lásán bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí, asán ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí bá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí lọ́wọ́ sí i, wọ́n lè lọ fagi lé e ní ilé ẹjọ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ ni pé kí gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan láti pín ilé; bí wọ́n bá sì ń fi ẹ̀tọ́ ọmọ kan dù ú lemọ́lemọ́, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí a pín in tàbí kí a tà á. Èyí ni pé kí a tó lè ra ìpín àbúrò wa, a ní láti kọ́kọ́ dá ìpín náà sílẹ̀.

Báwo ni ó ṣe máa tóbi tó? Níbí ni ìdààmú wà. Baba wa fẹ́ ìyàwó méjì ní ìlànà ìbílẹ̀. (Bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ìyá wa lábẹ́ òfin ìgbéyàwó tí ìjọba ṣe ní 1884 ni, ọ̀rọ̀ ìbá gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ẹjọ́ Cole àti Cole ní 1898, ọmọ ni ilé ẹjọ́ fún ní ogún, kì í ṣe àbúrò olóògbé, nítorí ìgbéyàwó onígbàgbọ́ tí olóògbé ṣe.) Ìyá wa bí mẹ́ta: dáwódù tí ó ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ dúró ní ipò rẹ̀, Àǹtí, àti èmi. Màmá Kékeré bí méjì. Bí a bá pín ní ìdí igi, ìyá kọ̀ọ̀kan ni igi, ìdí igi kọ̀ọ̀kan a sì gba ìdajì: ọmọ Màmá Kékeré a ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ ìyá wa a ní mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ orí ò jorí, olúkúlùkù a gba méjìlá. Àbúrò wa ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tòun. Èmi tí mo fẹ́ rà á ní méjìlá ni.

Suberu Dawodu, ará Èkó kan, kú láì ṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ lórí ogún rẹ̀ ni Dawodu àti Danmole. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ìdí igi ti di ohun àtijọ́, kò sì bá ẹ̀tọ́ mu. Kí wọ́n pín in ní orí ò jorí. Ní 1958, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ yí i padà: ìdí igi ṣì jẹ́ òfin Yorùbá láàyè, bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, olórí ẹbí lè yàn láti lo orí ò jorí. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, gbà bẹ́ẹ̀ ní 1962. (Ó jọ pé àkókò náà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí gbóná: ní 1958 ni G. B. A. Coker tẹ Family Property Among the Yorubas jáde, ní 1962 sì ni P. C. Lloyd tẹ Yoruba Land Law.)

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìdí igi kì í ṣe ìwà ẹhànnà. Pé ó ń dáàbò bo ìyá tí ó bí ọmọ kan ṣoṣo, kí ilé elédè-àìyedè má baà di ti ẹni tí ó bímọ jù. Mo máa ń bínú sí adájọ́ àkọ́kọ́ yẹn níwájú kíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàtọ̀ náà di mílíọ̀nù mẹ́ta láti inú àpò mi, ọ̀rọ̀ adájọ́ náà ni mo gbé dé pálọ̀, tí mo ní ayé ti lajú. Àbúrò mi wò mí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ni ẹ kọ ìwé yẹn?" Ìwé mi kan ni ó ń wí. Ó ti kà á.

Ọwọ́ Àǹtí ni òfin fi ìpinnu sí. Òun àti èmi sì ni a jọ mu ọmú kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wa sì retí pé yóò gbè mí. Ó ní kí a fún òun ní ọjọ́ mẹ́jọ. Nígbà tí a padà jókòó, ó ní ìdí igi ni. Kò tọ́ka sí ẹjọ́ kankan. Ó ní ọdún méjì tí baba wa fi dùbúlẹ̀ àìsàn, Màmá Kékeré ni ó ń gbé e jókòó tí ó ń bọ́ ọ lóúnjẹ, nígbà tí èmi wà ní yunifásítì tí mo ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé, tí òun sì wà ní ilé ọkọ. "Ta ni nínú wa tí yóò wá gé igi obìnrin náà kúrú?"

Mo san mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Agbẹjọ́rò kọ ìwé pínpín, gbogbo wa fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ dáwódù náà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ ìwé títà, tí ó sì ní láti lọ fún ìyọ̀ǹda Gómìnà gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ tí ó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978 ti wí.

Ohun kan ni kò sí nínú iye tí adíyelé dá. Ibojì baba wa wà lẹ́yìn ilé, ti Màmá Kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí biro dé ọwọ́ àbúrò mi, ó dúró. Ó béèrè bóyá òun ṣì lè máa wọlé wá kí ìyá òun. Agbẹjọ́rò ní ẹni tí ó bá ti yọwọ́ kò ní ẹ̀tọ́ mọ́, kò sì sí ibi tí òun lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé náà. Àǹtí ní kí ó má dààmú. Ó mú ìwé owó ilé rẹ̀ jáde, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ orúkọ àbúrò wa sí i àti déètì ọjọ́ náà, ó kọ ọ́ pé ọmọ ilé ni, pé yàrá iwájú ni yóò máa sùn bí ó bá dé, a kò sì gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí èmi tí mo ra ìpín náà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi fọwọ́ sí ìwé agbẹjọ́rò, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ géètì padà sínú àpò rẹ̀.