Láti Ìwọ̀fà dé Gbèsè Orílẹ̀-èdè: Ojú tí Ìjọ Kristi fi Wo Gbèsè ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn lónìí, ẹ̀kọ́ lórí owó kì í ju méjì lọ: kí onígbàgbọ́ má jẹ gbèsè, kí ó sì máa san ìdámẹ́wàá. Ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò pé. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ fi ìtàn hàn pé nígbà tí ìjọ Kristi kọ́kọ́ dojú kọ gbèsè ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kọjá ìwà onígbèsè nìkan. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé: ta ni ó yá owó, ta ni ó sì ń fi ara san án? Èrò wa ni pé ìbéèrè yìí kan náà ni ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ máa bi gbèsè Nàìjíríà.

Ìwọ̀fà: Èlé tí a Fi Ara San

Ètò ìwọ̀fà ti wà nílẹ̀ kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Ẹni tí ó bá nílò owó láti sìnkú, láti gbéyàwó, tàbí láti ra ẹbí rẹ̀ tí ogun kó lẹ́rú padà, yóò lọ bá olówó. Kì í san èlé lórí owó náà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni èlé. Onígbèsè lè fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, ó sì lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ṣe, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, kò dín owó náà kù. Ẹni tí ó yá ọ̀kẹ́ owó ẹyọ mẹ́ta, tí ìwọ̀fà rẹ̀ sì sìn fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ mẹ́ta náà ni yóò san kí ó tó gba ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀ lórí ètò yìí nínú The History of the Yorubas, ìwé tí ó parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì ṣètò títẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1921. Johnson tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ bíbí inú ìlú ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò sọnù, olówó rẹ̀ kò sì lè tà á. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ọmọdé tí a fi sọfà kò mọ ìdí gbèsè, kò sì jẹ nínú owó náà.

Àríyànjiyàn Inú Ìjọ

Ní 1846 ni Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ CMS ní Abẹ́òkúta. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ kò fi ètò ìgbésí ayé wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní ẹrú, àwọn mìíràn ní ìwọ̀fà. Ojú méjì ni àwọn aṣáájú fi wo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní àdéhùn láàárín ọmọlúàbí ni ìwọ̀fà, àti pé owó tí a rí nípa rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi ra ènìyàn wọn padà lọ́wọ́ ogun. Àwọn mìíràn ní ohun tó bá so ara ènìyàn mọ́ owó kò yẹ nílé onígbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹrú ló le jù nínú àríyànjiyàn yìí. Nígbà tí James Johnson ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1870, ó kọ̀ jálẹ̀ pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ ní ẹrú. Èyí bí àwọn àgbà ìjọ nínú, a sì gbé e kúrò níbẹ̀ ní 1880.

Èdè tí ìjọ ń lò pàápàá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fara sin. Bíbélì Yorùbá, tí títúmọ̀ rẹ̀ parí ní 1884, pe iṣẹ́ Kristi ní ìràpadà. Ẹni tí ó ti ra ọmọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ ogun mọ iye tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Nínú àdúrà tí Jésù kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Mátíù orí kẹfà, gbèsè ni Bíbélì yìí ní kí Ọlọ́run dárí rẹ̀ jì wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń pè é lónìí.

Dógò tì àti Àmúyá

Ọ̀nà méjì mìíràn wà tí a ń gbà gba owó. Èkíní ni dógò tì: ológò yóò lọ jókòó sílé onígbèsè, yóò máa pariwo, yóò mú adìyẹ tí ó bá rí pa jẹ, kò sì ní lọ títí wọn yóò fi san owó. Èkejì ni àmúyá, tí wọ́n tún ń pè ní ẹ̀mú: bí onígbèsè bá wà ní ìlú mìíràn, olówó lè mú ẹnikẹ́ni tàbí ẹrù ẹnikẹ́ni tó bá ti ìlú náà wá. Oníṣòwò tí kò mọ nǹkan kan yóò kàn rí i pé wọ́n ti dá òun dúró lójú ọ̀nà nítorí gbèsè ará ìlú rẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àwọn àṣà yìí kò tíì kú. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè, títí kan ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ní 2022, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC, bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti irú wọn. Ológò ti kúrò ní ẹnu ọ̀nà, ó ti wọ inú fóònù.

Gbèsè Nàìjíríà

Gbèsè orílẹ̀-èdè ni àmúyá tó tóbi jù lọ. Ní 1978, ìjọba ológun yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkèèrè. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí èlé sì ga lágbàáyé, gbèsè náà wú. Ètò SAP ti 1986 tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ àti olùkọ́ tí kò sí níbi tí a ti yá owó náà ni wọ́n sì fi ìgbé ayé wọn san án.

Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onígbàgbọ́ ní Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Jubilee 2000. Inú Léfítíkù orí 25, níbi tí a ti pàṣẹ ọdún ìdásílẹ̀, ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1998, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn di ọwọ́ ara wọn mú ní Birmingham, níbi tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ńlá ti ń ṣèpàdé. Ní 2005, lábẹ́ Ààrẹ Ọbásanjọ́ àti Dókítà Ngozi Okonjo-Iweala, ẹgbẹ́ Paris Club gbà láti fagi lé nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là, Nàìjíríà sì san bíi bílíọ̀nù 12. Ọ̀rọ̀ náà parí ní oṣù Kẹrin 2006. Lára owó tí èyí dá sí ni a fi tún àwọn olùkọ́ dá lẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ National Teachers' Institute. Ìdáríjì gbèsè dé inú kíláàsì wa.

Kò pẹ́ tí a tún fi wọ gbèsè. Ní ìparí oṣù Kẹfà 2023, gbèsè ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jẹ́ tírílíọ̀nù ₦87.38. Nínú oṣù yẹn kan náà ni náírà já wálẹ̀, tí dọ́là kan sì kọjá ₦700. Gbèsè tí a jẹ ní dọ́là wá pọ̀ sí i ní náírà, láìjẹ́ pé a yá kọ́bọ̀ kún un. Ewu tó wà nínú kí a yá owó tí kì í ṣe tiwa nìyẹn.

Ohun tí Èyí Béèrè Lọ́wọ́ Wa

Nehemáyà orí karùn-ún ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìyàn mú, owó orí ọba sì wúwo, àwọn ènìyàn fi oko dógò, wọ́n sì sọ ọmọ wọn di ẹrú. Nehemáyà kò bá àwọn onígbèsè wí pé wọn kò mọ owó ná. Àwọn ìjòyè ni ó pè sí àpéjọ, ó ní kí wọ́n dá oko, ilé àti èlé padà. Ó gbà pé òun àti àwọn arákùnrin òun náà yáni lówó, òun fúnra rẹ̀ kò sì gba oúnjẹ gómìnà fún ọdún méjìlá. Èlíṣà ní tirẹ̀ ran opó kan lọ́wọ́ láti ta òróró, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí olówó má bàa kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ojúṣe ẹnìkan àti ojúṣe ìjọba wà nínú Ìwé Mímọ́ kan náà.

Nítorí náà, a dábàá pé:

Èkíní, kí a máa kọ́ Nehemáyà orí karùn-ún pẹ̀lú Ìwé Òwe nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Kristi, kí ẹ̀kọ́ gbèsè má dá lórí ẹ̀bi onígbèsè nìkan.

Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ mọ bí a ṣe ń ṣírò iye tí owó yíyá yóò jẹ́ nígbà tí èlé bá gun orí rẹ̀, kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta, kí a lo èésú, tí Johnson náà ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí ìjọba amúnisìn ṣòfin fún ní 1935, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ owó tí a dá jọ láìfi ọmọ ẹnikẹ́ni sọfà.

Ìkádìí

A ti fi hàn pé láti ayé ìwọ̀fà títí di òní, ẹni tí ó yá owó àti ẹni tí ó ń san án kì í sábà jẹ́ ẹnìkan náà. Ìjọ tí ó mọ ìtumọ̀ ìràpadà kò gbọdọ̀ dúró lórí ìwàásù pé kí kálukú ṣọ́ owó ná. Kí a kọ́ ọmọ láti yẹra fún gbèsè, kí a sì tún kọ́ ọ láti béèrè, nígbà tí ìjọba bá ń yá owó ní orúkọ rẹ̀, ohun tí a fẹ́ fi owó náà ṣe àti ẹni tí yóò san án. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì wa lónìí ni yóò san èyí tí a ń yá báyìí.