Ọ̀rọ̀ Ẹnu Dírágónì Nínú Ìtàn Àròsọ àti Sinimá

Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá dé orí kejìlá Ìwé Ìfihàn, wọ́n bá ẹranko kan pàdé níbẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Olórí méje ni, ìwo mẹ́wàá ni ó sì ní. Wọ́n yá orúkọ rẹ̀ lò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dírágónì ṣe wọ inú èdè wa pẹ̀lú ìtumọ̀ ọ̀tá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ bá a pàdé níbẹ̀ lè ṣe kàyéfì pé àwọn òǹkàwé ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì ní dírágónì tí wọ́n fẹ́ràn, tí wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń dárúkọ akọni. Ọ̀nà tí ẹranko burúkú yìí gbà di ààyò kò ṣòro láti tọpa rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kí a máa wò, kì í ṣe ìyẹ́ apá rẹ̀.

Dírágónì tí ó lókìkí jù lọ nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kò ní orúkọ, kò sì sọ̀rọ̀. Inú ewì Beowulf ni ó wà, ewì tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 3,182, tí ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo tí ó pa á mọ́ sì ti tó nǹkan bí 1,000 ọdún. Ẹranko náà ti ṣọ́ ìṣúra inú ibojì kan fún 300 ọdún kí ìsáǹsá kan tó yọ́ wọlé tí ó jí ife kan. Nítorí ife kan ṣoṣo yìí ni ó fi jó ilé àti ilẹ̀ Beowulf, ọba arúgbó tí ó ti wà lórí oyè fún 50 ọdún. Ọba náà àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wiglaf pa á, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ pa ọba. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìjà náà, iná nìkan ni ó jáde lẹ́nu dírágónì yìí.

Ti Fáfnir yàtọ̀. Àwọn ará Iceland ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kẹtàlá. Fáfnir pa baba rẹ̀ nítorí wúrà, ó sùn ti wúrà náà títí ó fi di dírágónì. Sigurd gbẹ́ kòtò sí ojú ọ̀nà tí ó máa ń gbà lọ mu omi, ó sì ti abẹ́ gún un ní idà. Bí Fáfnir ti ń kú lọ ni ó ń bèèrè orúkọ ẹni tí ó gún òun. Sigurd kọ́kọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ẹni tí ó ń kú lọ bá fi orúkọ gégùn-ún fún ọ̀tá rẹ̀, èpè náà yóò jà. Ó dájú pé Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí. Fáfnir wá kìlọ̀ fún un pé wúrà náà ni yóò pa á, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó sì rí. Níhìn-ín ni dírágónì ti kọ́kọ́ sọ ohun tí ó yẹ kí akọni gbọ́.

Ní 1898, Kenneth Grahame kọ ìtàn dírágónì kan tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, tí ewì kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni ìtàn náà, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kò sí ewu nínú rẹ̀. J. R. R. Tolkien ni ó da ewu àti ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni Tolkien ní Oxford. Ní 1936 ó sọ àsọyé lórí Beowulf, níbi tí ó ti gbèjà dírágónì inú ewì náà lọ́wọ́ àwọn onílàmèyítọ́ tí ó kà á sí eré ọmọdé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìwé rẹ̀, The Hobbit, jáde. Smaug ni dírágónì ibẹ̀. Bilbo, ẹ̀dá kúkúrú kan, jí ife nínú ìṣúra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìsáǹsá ti jí i nínú Beowulf. Nígbà tí ó padà lọ, Smaug bá a sọ̀rọ̀ bí Fáfnir ti bá Sigurd sọ̀rọ̀. Bilbo kò dárúkọ ara rẹ̀. Ó fi ìrìn àjò rẹ̀ ṣe oríkì tí ó fara jọ àlọ́ àpamọ̀, ó sì ń pọ́n Smaug kí inú rẹ̀ lè dùn. Smaug fẹ́ràn ìyìn. Ó yí ara padà kí àlejò lè rí òkúta iyebíye tí ó lẹ̀ mọ́ ọn láyà, Bilbo sì rí ojú ibi tí ó ṣófo ní apá òsì. Ibẹ̀ ni ọfà Bard gbà pa á lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n Bilbo náà ti sọ àsọjù. Nínú oríkì rẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó gun àgbá, èyí ni Smaug sì fi mọ̀ pé àwọn ará ìlú orí adágún ni ó ràn án lọ́wọ́, ó sì lọ jó ìlú wọn. Gbólóhùn kan ni ó pa dírágónì, gbólóhùn kan ni ó sì jó ìlú. Ọdún 1938, ọdún kan lẹ́yìn ìwé yìí, ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ìjíròrò méjèèjì wéra yóò rí iṣẹ́ ṣe.

Ursula Le Guin, ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i nínú A Wizard of Earthsea ní 1968. Ní ayé tí ó dá sílẹ̀, ẹni tí ó bá mọ orúkọ àbáláyé nǹkan ni ó ní àṣẹ lórí nǹkan náà. Ẹni tí ó ti kọ́ ọfọ̀ ní kíláàsì mọ ìlànà yìí dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbàgbọ́ náà wà káàkiri ayé. Ged, oṣó ọ̀dọ́, lọ bá dírágónì àgbà kan ní erékùṣù Pendor, ó sì pè é ní orúkọ rẹ̀, Yevaud, tí ó fòye gbé láti inú ìtàn àtijọ́. Òjìji burúkú kan ń lépa Ged nígbà náà. Yevaud ní òun yóò sọ orúkọ òjìji náà fún un bí ó bá lè fi òun sílẹ̀. Ged kọ̀. Ohun tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìbúra pé òun àti àwọn ọmọ òun kò ní dé ilẹ̀ àwọn ènìyàn mọ́. Èyí ga ju ìjà idà lọ, nítorí pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ọmọdékùnrin náà fi du àwọn apẹja. Le Guin tún fi òfin kan kún un: ènìyàn kò lè purọ́ ní Èdè Àtijọ́, ṣùgbọ́n dírágónì lè purọ́ ní èdè náà, nítorí pé tirẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá gba dírágónì gbọ́, ẹni tí ó lè tàn án jẹ ni ó gbà gbọ́.

Ọdún 1968 náà ni Dragonflight ti Anne McCaffrey jáde. Àwọn dírágónì tirẹ̀ ń fi èrò inú bá ẹni tí ń gùn wọ́n sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti inú ẹyin jáde. Wọn kò lè purọ́ fún un. Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjíròrò ti ń tán.

Sinimá bẹ̀rẹ̀ láìní ohùn. Nínú fíìmù Siegfried tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì ní 1924, ère ńlá ni dírágónì náà, àwọn ènìyàn ni ó sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń mú un rìn, bí ẹni gbé eégún. Vermithrax inú Dragonslayer, ní 1981, dẹ́rù bani púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ní 1996, Sean Connery fi ohùn rẹ̀ sí Draco lẹ́nu nínú Dragonheart. Ní 2013, Benedict Cumberbatch ṣe Smaug. Ìran tí Smaug àti Bilbo ti ń sọ̀rọ̀ ni ó dára jù nínú fíìmù yìí. Eré àsálà àti wúrà yíyọ́ tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn rẹ̀ kò fi ohun kan kún ìtàn náà.

Ààyò àwọn ọmọdé òde òní ni Toothless. Nínú ìwé tí Cressida Cowell kọ ní 2003, dírágónì kékeré alágídí ni, ó ń sọ èdè dírágónì, Hiccup sì wà lára ìwọ̀nba ènìyàn tí ó gbọ́ èdè náà. Nígbà tí fíìmù How to Train Your Dragon jáde ní 2010, Toothless ti tóbi, ó ti dúdú, ó sì ti yadi. Ó ń ṣe bí ológbò, bí ajá, bí ẹṣin. Fíìmù náà dára: ìrù àtọwọ́dá tí Hiccup ṣe fún un, tí kò lè fò mọ́ láìsí i, jẹ́ àmì ìfẹ́ tí kò ṣeé gbàgbé. Síbẹ̀, ẹ̀dá tí ó ti ń bi akọni ní ìbéèrè láti ìgbà Fáfnir ti di ohun ọ̀sìn. Kò lè purọ́, kò lè kìlọ̀, kò sì lè jiyàn.

A lè rí ìyàtọ̀ náà níbi ìdágbére. Nínú The Other Wind, tí Le Guin kọ ní 2001, dírágónì kan gbé àwọ̀ obìnrin wọ̀, ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ọba, ó sì rò ẹjọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n tó fò lọ. Ní fíìmù kẹta Toothless, ní 2019, àwọn dírágónì tún ń lọ. Hiccup nìkan ni ó sọ̀rọ̀. Toothless wò ó lójú, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.