Afárá tí Ọmọdékùnrin kan Kàn

Nígbà tí Ọba Akítóyè wàjà ní 1853, ìlú Èkó ṣe Adámú Òrìṣà fún un ní 1854. Títí di òní, ará Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọ̀nà tí ó ń gbà sin ẹni ńlá dé ibodè: aṣọ funfun, àkẹtẹ̀ àti ọ̀páḿbàtà.

Ṣùgbọ́n ta ni a rí tí ó gbé Ẹ̀yọ̀ jáde fún ọmọdé? Bí ọmọ bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í se àsè, a kì í lu ìlù, a kì í sì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì rẹ̀. Àánú ni ó fa ìdákẹ́jẹ́ náà. Síbẹ̀ a gbàgbé ẹni kan, èyí ni ọmọ kejì tí wọ́n jọ ń ṣeré ní agboolé. Òun ni a ń sọ fún pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrìnàjò. Òun ni ó sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí ọmọ kejì yìí ni a ṣe fẹ́ kí òǹkàwé wa mọ ìwé kan tí ó ti òkèèrè wá, Bridge to Terabithia. Katherine Paterson ni ó kọ ọ́, ará Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ tí í ṣe míṣọ́nnárì bí ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 1932. Ìtàn àròsọ fún àwọn èwe ni, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tòótọ́ ni ó bí i. Ní 1974, àrá pa ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ David ọmọ Paterson. Ìwé náà jáde ní 1977.

Jess Aarons rò pé òun ni yóò sáré ju gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ. Leslie Burke, ọmọbìnrin àlejò, dé, ó sì ya gbogbo wọn sílẹ̀. Báyìí ni ọ̀rẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọn a di okùn mú, wọn a fò kọjá odò kékeré kan lọ sínú igbó, níbi tí wọ́n ti fi ara wọn jẹ ọba àti ayaba ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa náà ti rí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó fi ìró ìyá rẹ̀ bo orí, tí ó mú igi lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé kì í ṣe Ẹ̀yọ̀ ni òun.

Ní ọjọ́ kan olùkọ́ mú Jess lọ wo àwòrán ní Washington. Ì bá ti bẹ̀bẹ̀ kí Leslie bá wọn lọ; kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an ni okùn já, Leslie sì kú sínú odò. Jess kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó bínú sí òkú. Ó da ọ̀dà àwòrán tí Leslie fi ta á lọ́rẹ sínú omi, bàbá rẹ̀ tí kì í kẹ́ ẹ sì gbé e lé ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀bá ọ̀sà, tí ó mọ agboolé tí omi ti gba ọmọ, yóò mọ̀ pé Paterson kò purọ́.

Ìwé náà gba ẹ̀bùn Newbery ní 1978. Síbẹ̀ àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí a kó o kúrò ní ilé ìwé, nítorí èdè rẹ̀ àti nítorí ikú inú rẹ̀. A kò bá wọn fi ohùn sí i. Ọmọ tí ikú ti wọ agboolé rẹ̀ ti mọ ìtàn náà kí a tó fi ìwé lé e lọ́wọ́.

Kí a tó parí afárá Carter ní 1901, ọkọ̀ ojú omi ni ará Èkó ń wọ̀ lọ sí Ìdó. Nítorí náà iṣẹ́ afárá yé wa. Jess kò so okùn mìíràn. Ó gba pákó tí bàbá Leslie fi sílẹ̀ fún un, ó kàn án pọ̀ lórí odò. Ó fi òdòdó sí irun May Belle àbúrò rẹ̀, ó sì mú un kọjá bí ayaba tuntun.