Kòkòrò Inú Ẹ̀rọ àti Ẹni Tó Tẹ̀ Ẹ́ Ṣì

Ní ọdún tó kọjá, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan ládùúgbò wa, níbi tó ti fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ó ti kọ ohun gbogbo tán kó tó rí i pé òun ṣi ọjọ́ ìbí òun kọ. Ó tẹ bọ́tìnì kan láti padà sẹ́yìn. Ojú ẹ̀rọ funfun báláú, gbogbo ohun tó kọ pòórá, owó tó san sì bá a lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yọjú wò ó, ó ní, "Àǹtí, bug ni. Ẹ̀yin náà lẹ tẹ ohun tí kò yẹ kí ẹ tẹ̀."

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò bára mu létí mi. Kòkòrò ni ìtumọ̀ bug. Bó bá jẹ́ kòkòrò ló wà nínú ẹ̀rọ, kí ló kan ẹ̀gbọ́n mi? Bó bá sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ̀bi, kí ni kòkòrò ń wá níbẹ̀? Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mark II bá àfòpiná kan tó há sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àwọn rí bug gidi. Grace Hopper, tó wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ló sọ ìtàn náà káàkiri. Ìwé náà wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, tàfòpiná-tàfòpiná.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun rí kòkòrò gidi lónìí ti ní láti máa pe nǹkan mìíràn ní kòkòrò tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Thomas Edison ti lo ọ̀rọ̀ náà fún àléébù inú iṣẹ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní 1878, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà rárá. Àfòpiná yẹn kàn fò wọnú orúkọ tó ti wà nílẹ̀ ni.

Ẹnì kan wà tí kò fẹ́ràn orúkọ náà, Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands. Ní 1988, ó kọ ọ́ pé ká yé pè é ní bug, ká máa pè é ní àṣìṣe, nítorí pé bug ń dún bíi pé kòkòrò náà ló yọ́ wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń kọ iṣẹ́ kò wò ó. Èmi fara mọ́ ọn. Bíríkìlà ni bàbá mi. Bí ògiri tí wọ́n mọ bá là, wọn kò lè sọ fún onílé pé kòkòrò ni. (Lóòótọ́, ikán lè jẹ igi àjà, ṣùgbọ́n ikán kọ́ ló ń po sìmẹ́ǹtì tí kò tó.)

Ó jọ pé irú èrò bíi ti bàbá mi ló wà lọ́kàn àwọn ọ̀mọ̀wé bí àádọ́ta tó pàdé ní ìlú Garmisch, ní Jámánì, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà, ìyẹn àwọn ìlànà tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé, ti ń pẹ́ ju àdéhùn lọ, ó ń gbówó ju ohun tí wọ́n ṣírò lọ, kì í sì í sábà ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Wọ́n pe ìpàdé náà ní software engineering, iṣẹ́ ẹnjiníà lórí sọ́fítíwíà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn ìpàdé náà pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ yan orúkọ yẹn kó lè ta àwọn èèyàn lára ni: kí ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà lè ní ìlànà tó dúró ṣinṣin bíi ti ẹni tó ń kọ́ afárá.

Margaret Hamilton náà ń lo orúkọ yẹn fún iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni olórí àwọn tó kọ sọ́fítíwíà fún kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ òfuurufú Apollo. Nígbà míì, ó máa ń mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kékeré yìí ń fi ẹ̀rọ ìdánrawò ṣeré, ó sì pe ètò kan tí wọ́n ń pè ní P01, tó wà fún ìgbà tí ọkọ̀ kò tíì gbéra nílẹ̀. Ẹ̀rọ dàrú. Hamilton fẹ́ fi ohun tí yóò dènà rẹ̀ sínú sọ́fítíwíà, àmọ́ àwọn ọ̀gá ní awakọ̀ tí wọ́n ti kọ́ yanjú kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ní oṣù Kejìlá 1968, Jim Lovell wà nínú Apollo 8, ó sì ṣèèṣì pe P01 kan náà. Ìṣirò tí ọkọ̀ fi ń mọ ibi tó wà pòórá, wọ́n sì ní láti tún un ṣe lójú òfuurufú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbà fún un.

Lovell délé láyọ̀. Gbogbo èèyàn kọ́ ló délé. Therac-25 jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán sára àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Irú rẹ̀ ti àtijọ́ ní irin ìdènà tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán pọ̀ jù. Nínú èyí, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fọkàn tán sọ́fítíwíà. Láàárín 1985 sí 1987, èèyàn mẹ́fà gba ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà. Ní ìlú Tyler, ní Texas, ní 1986, òṣìṣẹ́ kan tẹ x síbi tí e yẹ kó wà. Ó yára padà sẹ́yìn, ó tún un ṣe. Lójú ẹ̀rọ, ohun gbogbo ti tọ́. Nínú lọ́hùn-ún, àtúnṣe náà kò dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé, nítorí pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà yá ju bí àwọn tó kọ sọ́fítíwíà ṣe rò lọ. Aláìsàn méjì fara gbá a ní Tyler, àwọn méjèèjì sì kú. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti ní irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ yẹn àti onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn náà ló jókòó, tí wọ́n ń tẹ ohun kan náà léraléra títí tí àṣìṣe náà fi fara hàn wọ́n.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rántí ẹ̀gbọ́n mi tó yára padà sẹ́yìn torí ọjọ́ ìbí. Owó ló pàdánù ní tirẹ̀, ó sì san òmíràn. Mo padà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin ilé kọ̀ǹpútà yẹn, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ni ẹni karùn-ún lọ́sẹ̀ yẹn, àti pé gbogbo wọn ló tẹ̀ ẹ́ ṣì.