Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin: Wíwà Ni àbí Gígùn?

Mò ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní quad bike, àti àwọn nǹkan tó jẹ mọ́ ọn. Orúkọ rẹ̀ kọ́ ló le. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń fi ẹsẹ̀ ka táyà: ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. “Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin” bá ìyẹn mu, iye ẹsẹ̀ náà sì nídìí. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni Honda kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní Amẹ́ríkà ní 1970. Ó ń dojú dé mọ́ àwọn èèyàn lórí, títí ìjọba àti àwọn tó ń ṣe é fi ṣàdéhùn ní 1988 pé kí títà rẹ̀ dópin.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń dà mí láàmú. À ń wa mọ́tò, à ń wa ọkọ̀ ojú omi. À ń gun ẹṣin, à ń gun kẹ̀kẹ́. Ní ti ọ̀kadà, ẹni tó wà níwájú ló ń wà á, èrò ẹ̀yìn ló ń sọ pé òun gun ọ̀kadà wá. Èwo wá ni ti eléyìí? Ọ̀kadà a máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá fẹ́ yà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kì í fì. Lára ọ̀pọ̀ wọn, irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan kò lè yára yí ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ táyà òde ló ń rìn jìnnà jù ní kọ́nà. Ẹni tó bá jókòó gbagidi bí awakọ̀, tààrà ni yóò máa gbé e lọ. Àfi kó sún ìdí, kó tẹ ara sí ìhà tó ń yà sí, kó gbéra lórí àga bí ẹlẹ́ṣin tó bá kan òkìtì. Gígùn ni mo mú.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni ọ̀rọ̀ náà “eré”. Àwọn tó ń tà á pín in sí ti iṣẹ́ oko àti ti eré. Ẹni tó ń ra àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ìgbafẹ́ gbọ́ eré, ó ní tòun nìyẹn. Eré sísá ni ẹni tó ń tà á ní lọ́kàn. Báyìí ni olùbẹ̀rẹ̀ ṣe ń gbé Yamaha YFZ450, tí wọ́n ṣe fún ìdíje, lọ sílé. “Ti ìje” ni kí á máa pè é. Honda Recon, tí wọ́n kà sí ti iṣẹ́, ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀: kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí ọwọ́ ń fà, agbára rẹ̀ kì í sì já èèyàn gbà.

Nọ́ńbà cc náà ń ṣini lọ́nà. Kì í ṣe agbára, àyè inú sílíńdà ni. Honda Foreman 450 ti iṣẹ́ àti YFZ450 ti ìje súnmọ́ra ní nọ́ńbà, ìwà wọn kò jọra rárá.

Iná, ìyẹn ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré, rọrùn láti sọ. Awakọ̀ mọ “tẹná”. Níbí, àtàǹpàkò ló ń tì í, kì í ṣe ọwọ́ ló ń yí i. Iná àtàǹpàkò, ó tán.

Àga ló kù. Ó gùn, ojú ọlọ́kadà á sì rí àyè èrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló ni gbogbo rẹ̀: ó ń sún síwájú tó bá ń gun òkè, ó ń sún sẹ́yìn tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Mo kọ́kọ́ dán “àga ìsún” wò, ó fẹ́ dún bí ibùsùn, mo fi sílẹ̀. “Àga ẹnì kan” ni. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni méjì. Àwọn yẹn ni kí á pè ní aláàga méjì.