Ohun Tí Òṣùwọ̀n Kì Í Sọ fún Ọdẹ Tòlótòló

Ẹ jẹ́ ká ní ọdẹ méjì ní Amẹ́ríkà gbé akọ tòlótòló igbó sórí òṣùwọ̀n. Ti ọ̀kan wọn kílò 8, ti èkejì wọn kílò 10. Ta ló pa àgbà nínú wọn? Ọ̀pọ̀ wa á ní ẹni tó ní kílò 10 ni. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ o. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ pé nọ́ńbà tí kò ní àlàyé lára lè tan èèyàn jẹ.

Ìbátan tòlótòló tí à ń pa nígbà Kérésì ni ẹyẹ yìí. John James Audubon, ọkùnrin tó ya àwòrán àwọn ẹyẹ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1831 pé akọ sábà máa ń wọn pọ́ùn 15 sí 18, ìyẹn bíi kílò 7 sí 8. Síbẹ̀, ó ní òun rí ọ̀kan lọ́jà Louisville tó wọn pọ́ùn 36, ó lé ní kílò 16! Kí ló fa irú ìyàtọ̀ báyìí?

Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Akọ ọlọ́dún kan, tí àwọn ọdẹ ń pè ní jake, kì í sábà ju kílò 6 tàbí 7 lọ. Tó bá fi máa pé ọdún méjì sí mẹ́ta, ara rẹ̀ ti kún. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ tó gbọ́n fi ń wo ẹ̀gún líle tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ akọ. Ti jake kì í tó ìdajì ínṣì. Ti àgbà ọlọ́dún mẹ́ta sábà máa ń ju ínṣì kan lọ. Ìgbà náà tún ń kó tirẹ̀. Nígbà tí akọ bá ń wá abo kiri, kì í ráyè jẹun dáadáa, ọ̀rá tó ti kó pamọ́ sí àyà ló ń gbé e ró. Tí àsìkò náà bá fi máa parí, ó ti fúyẹ́.

Ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Tòlótòló Osceola tó ń gbé nínú igbó àti irà Florida kì í tóbi tó ti Iowa, níbi tí oko àgbàdo àti sóyà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó igi oak. Torí náà, ọmọ ọdún méjì ní Iowa lè wúwo ju àgbà ọlọ́dún mẹ́rin ní Florida lọ. Ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè wa.

Àmọ́ nígbà kan, kò tiẹ̀ sí ẹyẹ tí wọ́n máa wọ̀n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Wọ́n gé igbó, wọ́n sì ń pa tòlótòló tà láìsí òdiwọ̀n. Ní 1904, wọ́n rí àrùn igi chestnut ní New York; ó pa igi náà ní bílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tòlótòló ni èso rẹ̀. Òfin 1937 wá fi owó orí ìbọn àti ọta ṣètọ́jú ẹran igbó. Wọ́n gbìyànjú láti sin tòlótòló nínú ọgbà, kí wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí jẹun yó, ṣùgbọ́n kò sí ìyá igbó tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sá fún ẹran apẹran. Púpọ̀ nínú wọn ló kú. Ní 1951, ní South Carolina, wọ́n fi ẹ̀tù yin àwọ̀n bo tòlótòló igbó gan-an, wọ́n sì mú wọn láàyè. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí igbó tó ti ṣófo, àwọn ló sì bí sí i títí wọ́n fi di mílíọ̀nù.

Nítorí náà, kí ọdẹ tó ń wá ẹyẹ ńlá kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè méjì: igi wo ló ṣì ń so èso níbí? Ṣé a sì ń jẹ́ kí àwọn jake dàgbà?