Ọba Kì í Pa Ọ̀kọrin

Akóbọ̀ tí mò ń gbé yìí àti Lálúpọn, inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n wà, ìyẹn Lágelú. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966, àwọn sójà mú Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, àti àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba Nàìjíríà, ní ilé ìjọba n'Ìbàdàn. Wọ́n kó wọn gba ọ̀nà Ìwó, wọ́n sì pa wọ́n lẹ́bàá Lálúpọn. Gbogbo ayé ni ó mọ Fájuyì sí ẹni tí ó bá àlejò rẹ̀ kú. Iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe ní oṣù mélòó kan ṣáájú ikú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn kì í sábà rántí: òun ni ó tú Hubert Ògúndé sílẹ̀. Kì í ṣe pé Ògúndé wà lẹ́wọ̀n o. Eré rẹ̀ ni ó wà lẹ́wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn sọ ilé ìgbìmọ̀ wọn n'Ìbàdàn di pápá ìjà. Àga ń fò lókè, àwọn ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Ọjọ́ kẹrin sí i ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì. Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá padà sórí àga alákòóso ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1963. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ilé-ẹjọ́ rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ó wá di pé ọmọ ìyá méjì kò lè jọ jẹun mọ́ kí wọ́n má kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ẹnì kejì ń ṣe tirẹ̀.

Inú gbọ́nmi-si-omi-ò-to yìí ni Ògúndé gbé *Yorùbá Ronú* jáde ní ọdún 1964. Ìtàn ọba kan ni: igbákejì rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọn, ó fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Kò sí Awólọ́wọ̀ nínú rẹ̀, kò sí Akíntọ́lá. Àwọn òǹwòran ni wọ́n bá eléré fi orúkọ kún un. Ohun tí ó mú eré náà ta ìjọba lára nìyẹn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kan pàtó tí wọ́n lè ní kí Ògúndé yọ kúrò. Wọ́n fi òfin dè é. Kì í ṣe eré kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n dè, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ ṣeré níbikíbi ní Ìwọ̀-Oòrùn mọ́.

Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa yóò mọ̀ pé ohun àjèjì ni èyí. Bí ọdún Òkèbàdàn bá dé, kò sí ẹni tí ó ga jù fún èébú n'Ìbàdàn, ìjòyè ni, olówó ni. Ní Kétu àti láàrin àwọn Yewa, ẹ̀fẹ̀ a máa jáde lóru ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a sì máa tú àṣírí àwọn ọ̀tọ̀kùlú láìsí ẹni tí yóò mú un. Ọba kì í pa ọ̀kọrin, ni àwọn baba wa wí. Kì í ṣe pé ọba kò ní idà. Àdéhùn kan ni ó wà láàrin wọn: ọ̀kọrin a sọ ọ̀rọ̀ náà lójú gbogbo ènìyàn, ọba a gbọ́, ìlú a rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ a mọ́.

Ìjọba 1964 kò pa ọ̀kọrin, ọ̀nà ni wọ́n gé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Èyí tí ó jẹun lójúmọ́ nídìí owó ìwọlé, tí àwọn ìyàwó rẹ̀ fúnra wọn jẹ́ òṣèré, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Oǹdó, ẹ wá sọ fún un pé gbogbo àwọn ìlú wọ̀nyẹn ti di èèwọ̀! Èkó nìkan ni ó ṣẹ́kù ní ìtòsí, nítorí pé abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Èkó wà. Ògúndé kò sì gbẹ́nu dákẹ́. Ó tún gbé *Òtítọ́ Korò* jáde lọ́dún náà. Òfin kò ṣàjèjì sí i. Nígbà òyìnbó, wọ́n ti fi òfin de *Strike and Hunger* rẹ̀ ní Jọ́ọ̀s. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Enugu ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọdún tí ó tẹ̀ lé e gan-an ni ó ti fi *Bread and Bullet* dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí àlejò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ bàbá rẹ tì í.

Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí kì í bá ṣe ẹkún. Akíntọ́lá kì í ṣe ẹni tí a lè pa òwe fún kí ó má mọ̀ ọ́n. Agbẹjọ́rò ni, ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ dùn débi pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá máa ń sọ àwàdà rẹ̀ kiri. Òun gan-an ni ìbá fi ẹ̀fẹ̀ dá ẹ̀fẹ̀ lóhùn. Kí ló dé tí ó fi mú òfin dípò ẹnu? Èrò mi ni pé ẹni tí ó bá fọkàn tán ìlú nìkan ni ó lè jókòó kí ìlú fi òun rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, ìjà kúrò lẹ́nu. Wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé lára, wọ́n ń ṣáná sí i. Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́dún náà kan náà, Wọlé Ṣóyínká, tí ó ti ń fi *Before the Blackout* bú àwọn olóṣèlú lórí ìtàgé, jẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn pé ó gbébọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò n'Ìbàdàn, kí ilé-ẹjọ́ tó dá a sílẹ̀.

N kò ní sọ pé òfin tí wọ́n fi de Ògúndé ni ó fa wẹ́tìẹ̀. Irọ́ ni yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní bá àwọn tí ń pe *Yorùbá Ronú* ní eré ìlàjà kẹ́gbẹ́. Eré náà ní kí Yorùbá ronú, ṣùgbọ́n ó ti bá wọn ronú tán kí wọ́n tó wọlé: ọ̀dàlẹ̀ ti dá yàtọ̀, ẹni rere ti dá yàtọ̀. Ilé àwọn ẹni tí a pè ní ọ̀dàlẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ilé tí ó jóná, ọmọ Yorùbá sì ni àwọn náà. Ẹ fi wé *Morountodun* Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1979, lórí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà 1968 sí 1969. Níbẹ̀, ọmọbìnrin olówó tí ó lọ ṣe amí láàrin àwọn àgbẹ̀ ni ó wá di tiwọn. Ìtàn Mọremí yí padà lójú wa, a kò mọ ẹni tí a ó pàtẹ́wọ́ fún mọ́. Eré náà jinlẹ̀ ju ti Ògúndé lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba tí àwọn àgbẹ̀ bá jà ti kógbá sílé kí ó tó dé. Ìgbà tí iná ṣì wà nínú igi ni Ògúndé sọ tirẹ̀, ó sì san owó rẹ̀. Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ti Ògúndé ni n ó yàn, pẹ̀lú àbùkù rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1966, kò tí ì pé oṣù kan tí àwọn sójà pa Akíntọ́lá, Fájuyì mú òfin náà kúrò. A kò tí ì bí mi nígbà náà. Bàbá mi, tí ó jẹ́ olùkọ́, ní àwo orin *Yorùbá Ronú* tí ó ti di mọ́ àárín aṣọ òkè nínú àpótí láti ìgbà tí àwọn jàǹdùkú ti ń wọ ojúlé dé ojúlé. Ó ní lọ́jọ́ tí òun gbọ́ ìkéde náà, òun gbé e jáde, òun nù ún, òun sì fi sórí ẹ̀rọ. Ojú fèrèsé yàrá náà kọjú sí ilé ẹgbẹ́ kejì òpópónà, tí wọ́n sun ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ó ní bí orin náà ti ń lọ, òun dìde, òun pa fèrèsé dé.